Mo Lọ Wo Ẹnu Bàbá Oníkòkó

Ẹ̀yin ará ilé, mo mọ̀ pé ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi mí ni kí ni mo mú bọ̀ láti òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà máa yọjú wo inú báàgì mi. Pákó pẹlẹbẹ kan ni, kò tóbi ju ìwé ọmọ iléèwé lọ, tí mo fi ọ̀dà kun ẹnu ènìyàn sí. Ẹnu nìkan o. Kò sí imú, kò sí ojú. Òṣìṣẹ́ kan ní pápákọ̀ òfuurufú yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó bi mí pé kí lèyí. Mo ní iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi ni. Ó wò mí títí, ó ní kí n máa lọ.

Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà ya àwòrán àti bí a ṣe ń wo èyí tí ẹlòmíràn yà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń pariwo lé wọn lórí. Ṣùgbọ́n ilé màmá mi ní Ìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú pálọ̀ tí àga onípákó mẹ́fà wà, níbi tí àwòrán Bàbá Oníkòkó gbé kọ́ sára ògiri lókè tẹlifíṣọ̀n.

Ọkùnrin dúdú kan ló wà nínú àwòrán náà. Ó dé fìlà pupa, ó fi aṣọ funfun bora, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa díẹ̀. Bàbá màmá mi ló gbé e wálé. Katikíìsì ìjọ ni, Katikíìsì náà ni gbogbo ìlú ń pè é títí ó fi kú. Ó ní bàbá òun nìyẹn, ẹni tó kọ́kọ́ gbin kòkó sí oko wa lójú ọ̀nà Ọ̀rùn. A ò ní fọ́tò Bàbá Oníkòkó kankan yàtọ̀ sí i. Nínú ilé wa, ẹni tó bá jí, Bàbá ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí kó tó kí àwọn tó wà láàyè. Ìyàwó tí a bá gbé wọlé, iwájú rẹ̀ la ó mú un lọ kó tó jókòó. Màmá mi nìkan ni kì í kí i. Nígbà tí a wà ní kékeré, a rò pé nítorí pé òun ni àgbà ilé ni.

Bàbá náà sì ti rí ìyà. Àbúrò màmá mi, Bàbá Fẹ́mi, káfíńtà ni. Tí ọdún Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, á wá fi fániṣì kun àwọn àga pálọ̀ kí wọ́n lè máa dán. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú agolo, á fi kun Bàbá. Ó ní Bàbá náà gbọ́dọ̀ ṣọdún. Ọdọọdún ni, láti ìgbà tí n kò tíì wọ iléèwé. Ẹ wá wo Bàbá báyìí: fìlà pupa ti di àwọ̀ ẹ̀pà sísun, aṣọ funfun ti di àwọ̀ èlùbọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti rì sínú òkùnkùn pátápátá.

Ẹnu yẹn ló ń da màmá mi láàmú.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Nígbà tí màmá mi wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọ́n gbà á sí iléèwé àwọn olùkọ́. Katikíìsì ò fẹ́. Ó ti ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Emùré pé ọmọ ọ̀rẹ́ náà ni yóò fẹ́ ọmọ òun. Màmá ní òun á kàwé ná. Katikíìsì ò lù ú, kò bú u. Ó fà á lọ́wọ́ lọ síwájú àwòrán, ó ní, "Wo ẹnu Bàbá. Ṣé ẹ̀rín nìyẹn?" Màmá wò ó, ó rí i pé Bàbá fajú ro. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí rẹ̀ rù, ó lọ. Kò kí bàbá rẹ̀, kò sì kí Bàbá Oníkòkó. Sáà kejì ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé Katikíìsì ti kú.

Ó parí ìwé rẹ̀, ó di tíṣà, ó kọ́ ọmọ, ó tún kọ́ ọmọ ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ fún un bóyá inú bàbá rẹ̀ yọ́ sí i kó tó kú. Àwòrán yẹn nìkan ló kù tí ó lè bi, ẹnu àwòrán ọ̀hún ò sì hàn mọ́. Bàbá Fẹ́mi ní ìbínú ló wà níbẹ̀, òun rántí dáadáa. Àǹtí mi kan ní ẹ̀rín ni. Wọ́n ti jà lé e lórí títí ó fi sú wọn.

Lọ́dún tó kọjá, mò ń wá àwòrán tí n ó fi kọ́ kíláàsì lórí fóònù, ni mo bá ko Bàbá Oníkòkó. Fìlà náà nìyẹn, aṣọ náà nìyẹn. Ó wà ní mùsíọ́mù kékeré kan ní ìlú kan létí òkun ní Skọ́tíláǹdì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa ni, pé àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n yà á, pé a ò mọ orúkọ ẹni náà. Mo ṣírò ọdún. Wọ́n ti ya àwòrán yẹn kí wọ́n tó bí Bàbá Oníkòkó. Orí mi wú. Mo pa fóònù, mo tún tàn án, mo tún un ṣírò.

Bí ọ̀nà ṣe là fún mi láti lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, ìtàn ìwé àti òǹtẹ̀ ni. Mo sọ fún Màmá pé àwòrán gidi tí wọ́n ti da tiwa kọ ni mò ń lọ wò. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n sọ ìyókù. Ojú ń dun Màmá, àìsàn tó ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀ ni, dókítà sì ti sọ pé èyí tó ti lọ ò ní padà. Ó ní kí n jókòó.

"Ojú mi ń ṣú lọ," ó ní. "Kó tó ṣú tán, tí o bá dé ulé àwòrán ọ̀hún, bá mi wo ẹnu Bàbá. Má wo fìlà, má wo aṣọ. Ohun tí o bá rí ni kí o wá sọ. Má tàn mí o, Fúnmi, nítorí pé ọmọ mi ni ẹ́."

Ìlú tí òtútù ti ń kíni

Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ò kí mi. Wọ́n ní ìgbà ooru ni mo dé. Ooru! Mo wọ súwẹ́tà méjì, mo tún fi ìró ọ̀yẹ́ wé ọrùn, mo sì ń gbọ̀n. Àwọn ọmọ wọn wà létí òkun pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, wọ́n ń lá áísíkirímù.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo bá ènìyàn bíi mẹ́jọ tí wọ́n ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo kí wọn bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Gbogbo wọn wo bàtà wọn. Ìyá àgbà kan dáhùn, àmọ́ ó yí báàgì rẹ̀ sí apá kejì. Mo ní ó dáa, wọn ò mọ̀ mí ni. Àṣé wọn ò mọ ara wọn náà, bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà lójoojúmọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá di ti àforíjì, kò sí ẹni tó tó wọn. Mo tẹ ọkùnrin kan mọ́lẹ̀ gan-an nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ló ní kí n má bínú. Tí wọ́n bá sì ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n rí ọ lókèèrè, wọ́n á dì í mú dè ọ́. Ìwà tó dára ni, àmọ́ ó di dandan kí n máa sáré, èmi tí orúnkún ń dùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, tí mo bá rí ẹni tó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà níwájú mi, mo máa ń fara pamọ́ kó kọ́kọ́ wọlé.

Opó kan ni mo wọ̀ sílé rẹ̀. Ó máa ń po ọkà kan láàárọ̀ tó dà bí ògì tí kò kúnná, iyọ̀ ló ń fi sí i. Mo jẹ ẹ́. Ebi ò mọ àlejò. Lọ́jọ́ kẹrin, mo wọ ilé ìdáná, mo bá a tó ń fi igi gún pòtétò. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Ọmọ Èkìtì tí kò rí uyán fún ọjọ́ mẹ́rin, ó ti ń ṣàìsàn. Àfi bó ṣe gún un díẹ̀ tó dúró, tó fẹ́ máa bù ú sáwo bẹ́ẹ̀, kókó-kókó. Mo tọrọ igi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gún un títí ó fi ń fà, mo sì ń làágùn. Ó jókòó, ó ń wò mí. Nígbà tó tọ́ ọ wò, ó ní ó wúwo. Mo ní ẹ̀ẹ́n, ohun tí à ń wá nìyẹn.

Orúnkún mi

Ẹni tó ń ṣàbójútó àwọn àwòrán ní mùsíọ́mù náà ń jẹ́ Fióná. Ọmọdébìnrin ni, kò ju àkọ́bí mi lọ, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé ló sì ti pè mí ní Fúnmi lásán bẹ́ẹ̀. Nílé, ọmọ tó kéré tó yẹn tó bá pè mí lórúkọ, á gbọ́ ti ẹnu mi. Mo gbé e mì. Ó dára lọ́mọ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́ láàárín wa, tíì ló máa ń lọ sè.

Ó mú mi gba yàrá méjì kọjá. Mo ti ṣètò ohun tí n ó ṣe sínú ìwé, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: ẹ dúró lókèèrè ná kí ẹ wo bí wọ́n ṣe to nǹkan sínú àwòrán, lẹ́yìn náà, àwọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wo ọwọ́ ẹni tó yà á. A yà sí yàrá kẹta. Bàbá Oníkòkó wà lára ògiri, ó tóbi ju tilé lọ dáadáa. Mo gbàgbé ìwé, mo gbàgbé ètò. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá."

Gáàdì yàrá náà, bàbá onírunmú funfun kan, sáré wọlé pẹ̀lú àga àti omi. Ó rò pé mo ṣubú ni. Mo ní rárá, mò ń kíni ni. Ó bi mí pé ta ni mò ń kí. Mo nawọ́ sí Bàbá.

Fióná bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé mo mọ ọkùnrin yìí. Kí ni kí n sọ? Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ nìyẹn náà. Mo jókòó sórí àga tí gáàdì gbé wá, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: Katikíìsì, kòkó, iléèwé àwọn olùkọ́, fániṣì Bàbá Fẹ́mi. Ojú ń tì mí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, kí òyìnbó má lọ rò pé a ò mọ àwòrán yàtọ̀ sí ènìyàn. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Fióná ní láti ìgbà tí àwòrán náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ò rí ẹnì kan tó lè sọ nǹkan kan nípa ọkùnrin náà, bóyá atukọ̀ ni, bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ ni, bóyá wọ́n kàn sanwó fún un kó jókòó ni. Ó bi mí pé kí la máa ń pè é nílé wa. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní kí n tún un sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mo rí

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wò ó. Ẹ máa bá mi bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwòrán ilé wa, ẹ mọ̀ pé ńṣe ni Bàbá kún inú férémù bámúbámú, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n yà á. Àyè gbalasa wà níwájú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwòrán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àfi ògiri aláwọ̀ eérú àti ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ wá bá a lójú. Ẹni tó yà á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fún un ní ibi tí yóò máa wò. Mo wá rántí pé nígbà tí férémù àkọ́kọ́ jẹrà, Bàbá Fẹ́mi ló kan òmíràn. Mo pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò torí pé pákó ò tó, ibi tí òun gé ò sì ní nǹkan kan nínú tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Bàbá Fẹ́mi, ẹ ti ojú Bàbá mọ́ ògiri láti ọjọ́ yìí." Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, ìpè òkè òkun wọ́n. Ẹni tí a bá gé ibi tó ń wò kúrò níwájú rẹ̀, báwo ni kò ṣe ní dà bí ẹni tó ń bínú?

Mo wá sún mọ́ ọn, mo wo àwọ̀. Mo wá dúdú ní ojú ọkùnrin dúdú yìí, mi ò rí i. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ máa ń tú ọ̀dà dúdú látinú ike tí ẹ bá fẹ́ ya ìyá yín: kò sí dúdú níbẹ̀. Pupa ilẹ̀ ló fi ṣe ìpìlẹ̀, pupa eruku ojú ọ̀nà wa gan-an. Ó fi àwọ̀ aró díẹ̀ sí iwájú orí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ti bà á. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Etí rẹ̀ pọ́n, torí pé fìlà náà ń ta pupa sí i. Aṣọ funfun náà kì í ṣe funfun. Eérú ni, aró ni, wàrà ni, àfi ojú kan ṣoṣo ní èjìká tó jẹ́ funfun gidi. Mo ti ń kí Bàbá láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó pọ́n, pé ó tutù, pé ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo sì ṣe bí ẹni pé òtútù ni.

Fióná sọ fún mi pé kí wọ́n tó tún un ṣe, àwòrán tiwọn náà ti rí bí omi tíì. Ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ máa ń fi fániṣì kùn ún kí ó lè máa dán. Mo rẹ́rìn-ín títí gáàdì fi yọjú. Mo ní àwọn náà ní Bàbá Fẹ́mi tiwọn.

Lẹ́yìn náà ni mo wo ọwọ́ ẹni tó yà á. Aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ parí, búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀, ọ̀dà tó nípọn, kíákíá bí ẹni tó ń fi ọwọ́ rẹ́ ògiri ilé. Ojú ni wọ́n fi sùúrù ṣe, búrọ́ọ̀ṣì wẹ́wẹ́, ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Mo ti ń sá fún ẹnu láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo ní kí Fióná yá mi ní gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, mo sì wò ó.

Ìlà tó pín ètè méjèèjì gún régé, kò wálẹ̀, kò gòkè. Ìdajì ẹnu tó wà nínú òjìji dákẹ́. Tó bá jẹ́ èyí nìkan ni, n bá ní Bàbá Fẹ́mi ló jàre ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ní ìdajì tó kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ìlà kan wà tí wọ́n fà lẹ́yìn tí gbogbo ìyókù ti gbẹ. Ọ̀dà nípọn lórí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun ètè ìsàlẹ̀, ó sì gòkè, kò gùn ju èékánná ìka kékeré mi lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fà á, ọwọ́ ò sì padà sórí rẹ̀ mọ́. Ẹni tó yà á ti parí iṣẹ́, ó ti sinmi, ó tún wá wo ọkùnrin náà lójú, ó sì rí nǹkan kan tí kò rí tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rín. Ìfajúro náà kọ́. Ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Mo gbé gíláàsì sílẹ̀. Kì í ṣe ìdáhùn tí Màmá ń retí nìyẹn.

Ẹ̀tàn àkọ́kọ́

Wọ́n gbà mí láyè láti jókòó níwájú rẹ̀ kí n da ẹnu náà kọ sórí pákó kékeré. Mo ní n ó mú un lọ fún Màmá. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Fióná gbé tíì wá, ó wo pákó, ó wo ògiri, ó tún wo pákó.

"Ẹ ti jẹ́ kí inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe dùn lọ," ó ní.

Inú bí mi. Mo ní iṣẹ́ mi ni, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Kò bá mi jiyàn, ó gbé tíì kalẹ̀, ó lọ. Mo wo pákó náà fúnra mi. Òótọ́ lọ́mọ náà sọ. Mo ti fa ìlà náà gùn, mo ti gbé e ga, mo ti fi ẹ̀rín sẹ́nu ẹni tí kò rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò mọ̀? Màmá ò ní ríran rí i dáadáa. Inú rẹ̀ á dùn, á sì sùn dáadáa títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí tíì fi tutù. "Má tàn mí o, nítorí pé ọmọ mi ni ẹ́." Mo mú ọ̀bẹ, mo fá a kúrò.

Ẹ̀ẹ̀kejì ò dára, mo tún fá a. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ṣe é bí ẹni yẹn ṣe ṣe é: mo jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, mo kó ọ̀dà tó nípọn sẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, mo mí kanlẹ̀, mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ máa bọ̀ wálé, mo lọ dágbére fún Bàbá. Gáàdì ló ń ṣí yàrá náà, kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Ó tan iná, ó tẹrí ba díẹ̀ sí ògiri, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá." Ohùn rẹ̀ wọ́ gan-an. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ó fi kọjá, kí ojú má baà tì í.

Ìṣẹ́

Ojú Màmá ti burú sí i kí n tó dé. Ọ̀tún ò ríran mọ́, òsì ń rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé àti òjìji ènìyàn. Ó jókòó sínú àga rẹ̀ nínú pálọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí òun náà. Uyán ti wà nílẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán, kò béèrè nǹkan kan. Ó dúró títí mo fi fọwọ́.

Èyí tó le jù ni mo kọ́kọ́ sọ. Mo ní, "Màmá, Bàbá Oníkòkó kọ́ ni. Wọ́n ti ya àwòrán yẹn kí wọ́n tó bí i."

Ó ní ta ló bi mí ní ìyẹn. Ó ní ìyàwó Bàbá Oníkòkó fúnra rẹ̀ máa ń fi àwòrán yẹn ṣẹ̀fẹ̀, pé imú ọkọ òun tóbi jù ú lọ. Àlùfáà òyìnbó ló fún Katikíìsì, Katikíìsì ní ó jọ bàbá òun, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àgbà ilé ló mọ̀. Èmi ti fi oṣù mẹ́jọ gbé àṣírí náà mì lásán.

"Iwájú ẹ̀ ni bàbá mi mú mi lọ," ó ní. "Ẹnu ẹ̀ ni mo bi ọ́."

Mo sọ bí mo ṣe rí i. Mo ní kì í ṣe ẹ̀rín, kì í sì í ṣe ìbínú, ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní apá kan dákẹ́, pé ní apá kejì ìlà kékeré kan wà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ò tó. Gbogbo ọdún tí mo ti ń kọ́ni, n kò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi fi ìlà kan han ẹni tí kò ríran.

Ó na ọwọ́. "Gbé e wá."

Mo gbé pákó náà lé e lórí itan. Ó fi ìka wá a. Apá òjìji ló kọ́kọ́ bọ́ sí, ibi tí ọ̀dà ti tẹ́. Ó lọ, ó bọ̀, kò bá nǹkan kan, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó ṣe mí bíi kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú kí n darí rẹ̀. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìka náà ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ lórí ètè, ó kan ibi tí ọ̀dà ti ga, ó dúró. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó tún tọ̀ ọ́ lọ.

"Ó gòkè," ó ní.

"Ó gòkè díẹ̀, Màmá. Díẹ̀ ni o."

"Díẹ̀ náà tó."

Ó tún tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé òun dìde. Mo rò pé yàrá ló fẹ́ lọ. Àfi bó ṣe yí ara rẹ̀ sí ọ̀kánkán tẹlifíṣọ̀n, tó di èjìká mi mú, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún wá ilẹ̀, ìyá mi tí n kò rí kó kúnlẹ̀ fún àwòrán yẹn rí láyé mi. Ó kúnlẹ̀ tán. Ó gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́ sókè sí Bàbá tí fániṣì ti bò.

"Ẹ kú ulé o, Bàbá," ó ní. "Mo ti dé láti iléèwé."

Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó ní kí n fa òun dìde.